Kóòtù Tó Ní Ìrísí Òrùlé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo fẹ́ rán kóòtù tí kọ́là rẹ̀ yóò jọ òrùlé Sydney Opera House, gbọ̀ngàn eré ńlá ilẹ̀ Australia tí òrùlé rẹ̀ rí bí ìkarahun, ṣùgbọ́n gbogbo ìpele tí mo gé ló ń wó sórí èjìká. Kí ni ṣíṣe?

ÌDÁHÙN: Jørn Utzon, ọmọ ilẹ̀ Denmark tó ya àwòrán ilé náà, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1973, mú ìtẹ̀ gbogbo ìkarahun òrùlé náà láti ara bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi bára mu bí wọn kò tilẹ̀ tóbi bákan náà. Ẹ ya róbótó ńlá kan sórí bébà, kí ẹ sì ti ara rẹ̀ mú ìtẹ̀ gbogbo ìpele yín.

Ní ti wíwó, aṣọ lásán kò lè dá dúró. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù lẹ aṣọ líle mọ́ inú ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rán ojú méjèèjì pọ̀ láti òdì, kí ẹ sì gé ìwọ̀nba onígun mẹ́ta kéékèèké kúrò létí ibi tó tẹ̀, láìkan ojú ìránṣọ, kí ẹ tó yí i síta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ etí rẹ̀ yóò wú.

Ìpele mẹ́ta ti tó, lójú tèmi. Ènìyàn ṣì ní láti yí ọrùn. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ olówó pọ́ọ́kú dán an wò, kí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ jókòó, kí ó sì gbé apá sókè, kí àlùmọ́gàjí tó kan ojúlówó aṣọ.