Ẹ Bi Wá: Baba Dúdú Ìyá Àgbà àti Mọ́tò Agolo

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Kérésìmesì, ìyá tó bí ìyá wa a máa fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní baba dúdú mẹ́wàá, tí wọ́n ti fi ọ̀rá wé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà ti di ìyá àgbà báyìí, mo sì fẹ́ ṣe é fún àwọn ọmọ-ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dán an wò. Ti àkọ́kọ́ rọ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ ọ̀rá; ti ẹlẹ́ẹ̀kejì korò. Níbo ni mo ti ṣì í ṣe?
Ìyá Àgbà, Àgbádárìgì

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra ọdún o, Mà. Ìgbà tí ẹ gbé e kúrò lórí iná ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ti àkọ́kọ́, omi ṣì kù nínú rẹ̀. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ṣúgà ti jóná.

Ẹ wá àgbọn mẹ́ta tó ti gbó, tó wúwo lọ́wọ́, tí omi rẹ̀ ń ró bí ẹ bá mì ín. Àgbọn tútù kò lọ́ràá tó. Ẹ rin ín, ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ agolo mílíìkì mẹ́rin sí i, ẹ fún un dáadáa, kí ẹ sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Kò pọn dandan kí ẹ bó awọ pupa ẹ̀yìn rẹ̀. Dúdú náà ni yóò kúkú dà. Ẹ da omi àgbọn yìí sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, pẹ̀lú ṣúgà agolo méjì. Ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló máa ń jẹ́ kí ìdí rẹ̀ jó kí òkè tó ki.

Iná kò gbọdọ̀ pọ̀. Ẹ máa rò ó títí ṣúgà yóò fi yọ́ tán, lẹ́yìn náà kí ẹ máa rò ó lóòrèkóòrè. Yóò hó, yóò ki, òróró yóò sì jáde sí ojú rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù òróró yẹn, kò bàjẹ́ rárá. Ẹ fi ṣíbí bù ú kúrò díẹ̀díẹ̀. Ṣúgà tó bá gan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ẹ fi aṣọ mímọ́ tó tutù nù ún, torí bó bá já bọ́ padà, gbogbo rẹ̀ lè di yanrìn yanrìn lẹ́nu. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ bí ẹ̀kán mẹ́wàá náà máa ń dènà èyí.

Nígbà tó bá ti pọ́n bíi tíì, ẹ má kúrò nídìí rẹ̀ mọ́, ẹni yòówù kó pè yín. Láàárín ìṣẹ́jú kan péré ló lè ti orí pípọ́n bọ́ sórí jíjóná. Ẹ gbé ife omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ máa kán an sí i. Bó bá yọ́ sínú omi, kò tíì jinná. Bó bá ṣeé tẹ̀ bí ẹ̀bà, ó kù díẹ̀. Bó bá le tó sì ṣẹ́ pàà, ẹ dà á sórí tírè tí ẹ ti fi òróró pa lójú ẹsẹ̀, torí inú ìkòkò gbígbóná yóò ṣì máa sè é lọ. Ẹ fi òróró pa ọwọ́, kí ẹ máa gé e kí ẹ sì máa yí i nígbà tó bá ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Yóò tó nǹkan bí ogójì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà: ṣúgà gbígbóná máa ń lẹ̀ mọ́ ara, ó sì burú ju omi gbígbóná lọ.

Ìlú yín sún mọ́ ọ̀sà àti òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lómi nínú, ìyẹn ló sì ń mú baba dúdú lẹ̀. Bó bá ti tutù tán, ẹ wé e lójú ẹsẹ̀, kí ẹ kó o sínú agolo tí ìdérí rẹ̀ mú dáadáa. Bí ẹ bá wé e ní gbígbóná, yóò làágùn nínú ọ̀rá. Èyí tó bá tún rọ̀, ẹ dá a padà sínú ìkòkò pẹ̀lú omi ṣíbí méjì, kí ẹ tún un sè. Èyí tó korò kò látùnṣe. Ẹ má sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, kó má baà há a lọ́fun.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni bàbá àgbà wa ṣe ń fi agolo sadíìnì ṣe mọ́tò? Ti èmi kì í yí.
Bàbá Ṣẹ́gun, Ẹ̀pẹ́

ÌDÁHÙN: Ihò yín ló fún jù. Ẹ fi òlù lu etí agolo wọnú kó má gé ọmọ lọ́wọ́, kí ẹ sì fi ìṣó lu ihò méjì-méjì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n dọ́gba o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa fì. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ fi ṣe ọ̀pá rẹ̀, kí ihò ara agolo fẹ̀ jù ú lọ kí ọ̀pá lè yí. Ihò ti táyà, tí ẹ gé lára sílípáàsì tó ti gbó, ni kó fún mọ́ ọn pinpin. Ẹ tẹ orí sípóòkù kọdọrọ lẹ́yìn táyà, kí ẹ so okùn mọ́ iwájú.