Kí ni kí n fi máa tẹ ìró jáde lójú ẹsẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó ìró fún ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé kan. Kọ̀ǹpútà alágbèéká oní-Windows ni mò ń lò, ohun èlò tí gbogbo ayé fi ń gbọ́ orin ni mo sì fi ń tẹ ìró jáde. Nínú eré tí a ṣe kẹ́yìn, òṣèré ti ṣubú tán kí ìbọn tó dún. Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n ti sunkún. A tún máa ń ṣe ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí mo ti ń fi àtẹ́wọ́, ẹ̀rín àti orin ìdánimọ̀ sí i bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń lọ. Ṣé kí n wá sọ́fítíwíà mìíràn ni, àbí kí n ra ẹ̀rọ? Èwo ló yá jù?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrójú o. Ó dùn mí fún òṣèré yẹn, ó sì dùn mí fún ẹ̀yin tí ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ má tíì náwó. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ibi tí ìdádúró náà ti ń wá.

Ní 1959, àwọn iléeṣẹ́ rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í lo kátírìjì téèpù tí ìró kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Bí ìró náà bá parí, téèpù á yí po, á sì dá ara rẹ̀ dúró gẹ́lẹ́ níbi tí ìró ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dún bí ọwọ́ bá ti kan bọ́tìnnì: ìró náà ti dúró sí ojú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ohun tí ẹ ń wá nìyẹn. Ohun èlò ìgbọ́rin kò ṣe é. Ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ ṣí fáìlì.

Fáìlì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ ṣí ìró ìbọn yẹn nínú Audacity, sọ́fítíwíà tí a fi ń gé ìró, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ sún un mọ́ra dáadáa, kí ẹ wo iwájú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ibi tó pa rọ́rọ́ fún ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kí ìbọn tó dún. Ẹ gé e dànù. Bí ó bá jẹ́ MP3, ẹ sọ ọ́ di WAV kí ẹ tó gé e, nítorí bí a bá ń sọ ìró di MP3, òfìfo díẹ̀ máa ń wọ iwájú rẹ̀, ó sì lè tó mìlísẹ́kọ́ǹdì 25 (ẹgbẹ̀rún kan mìlísẹ́kọ́ǹdì ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan). Àwọn ohun èlò kan mọ bí wọ́n ṣe ń fo òfìfo yìí, àwọn mìíràn kò mọ̀ ọ́n. Ẹ má bẹ̀rù pé WAV tóbi: ìṣẹ́jú kan tó ń lo sípíkà méjì kò ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 10 lọ, ìbọn ìṣẹ́jú-àáyá méjì kò sì tó ìdajì mẹ́gábáìtì.

Lẹ́yìn èyí, bí ẹ bá ń lo sípíkà Bluetooth, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ yìí pátápátá. Ìdádúró rẹ̀ sábà máa ń ju mìlísẹ́kọ́ǹdì 100 lọ, kò sì sí sọ́fítíwíà tó lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Wáyà ni kí ẹ lò.

Ó wá ku báfà, ìyẹn ìwọ̀n ìró tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kí ó tó tú u jáde. Ní 48,000 sáńpù, ìyẹn ègé ìró kéékèèké, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, báfà sáńpù 1024 jẹ́ ìdádúró mìlísẹ́kọ́ǹdì 21. Báfà 256 kò ju nǹkan bíi 5 lọ. Lórí Windows, driver (sọ́fítíwíà tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìró) ti ASIO, tí iléeṣẹ́ Steinberg ṣe ìlànà rẹ̀, ló ń jẹ́ kí báfà kékeré ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Nítorí náà, bí ẹ bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, ẹ fi ra ẹ̀rọ ìró USB tó ní driver ASIO tirẹ̀. Ẹ kò ní láti máa lé báfà kéré ju 256 lọ. Ìró fúnra rẹ̀ ń lo mìlísẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta láti rin mítà kan nínú afẹ́fẹ́, báfà tó bá sì ti kéré jù yóò jẹ́ kí ìró máa ya pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́, èyí tó burú ju ìdádúró lọ.

Ọ̀rọ̀ sọ́fítíwíà wá kàn. Ẹ bi ara yín: ṣé mo mọ ìró tó kàn, àbí n kò mọ̀ ọ́n? Nínú eré orí ìtàgé, ẹ mọ̀ ọ́n. Ìlẹ̀kùn ló máa kàn, lẹ́yìn náà òjò, lẹ́yìn náà ìbọn. Ohun èlò tó ń to ìró tẹ̀ léra wọn ló yẹ ibẹ̀, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni ẹ ó sì máa tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú yín á sì wà lórí ìtàgé. QLab ni ọ̀pọ̀ ilé eré ń lò, àmọ́ orí Mac nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Fún Windows yín, ẹ gbìyànjú MultiPlay, ọ̀fẹ́ ni. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ sí i, Show Cue System wà. Ẹni tó ń lo Linux ní Linux Show Player.

Ti ètò íntánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀, nítorí ẹ kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín á bọ́ sí i. Ẹ nílò àwọn ìró tó wà lójú kan náà, kí ẹ lè tẹ èyí tó wù yín. Soundplant á sọ kíbọ́ọ̀dù yín di bọ́tìnnì ìró, yóò sì ti gbé gbogbo wọn sínú mẹ́mórì ṣáájú. Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ lo Ableton Live, sọ́fítíwíà tí àwọn olórin fi ń ṣe orin, ó dára, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yí ètò ìdúródè-ìlù rẹ̀ (Quantization) sí None. Bí wọ́n ṣe ṣe é, ìró tí ẹ tẹ̀ máa ń dúró de ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìlù mẹ́rin tó kàn, ìyẹn sì lè tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì bí ìlù bá ń lọ ní 120 BPM, ìyẹn ìlù 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo ti rí ẹni tó ju kọ̀ǹpútà tó dára nù nítorí èyí.

Ẹ̀rọ ńkọ́? Ó dára, kò sì ní í rán yín létí láti tún ara rẹ̀ ṣe láàárín eré. Instant Replay ti 360 Systems, tó ní bọ́tìnnì 50, wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ rédíò. Roland SPD-SX ní ojú mẹ́sàn-án tí a lè fi ọ̀pá lù. RØDECaster Pro II ní bọ́tìnnì ìró mẹ́jọ pẹ̀lú ihò máìkì nínú àpótí kan náà, èmi ìbá sì yàn án fún ètò yín bí kò bá sí míkísà níbẹ̀. Ti Stream Deck, àpótí bọ́tìnnì tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe àṣìṣe: àṣẹ ló ń fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà tó ń lọ́ra yóò ṣì máa lọ́ra. Ní tiyín, mi ò rí ìdí láti ra ẹ̀rọ báyìí. Ẹ kàn wá fóònù kan tí gbogbo ìró wà lórí rẹ̀, kí ẹ fi wáyà so ó mọ́ ihò mìíràn lára míkísà, bí kọ̀ǹpútà bá kú lójijì.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tán, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé fóònù sáàárín kíbọ́ọ̀dù àti sípíkà, kí wọ́n sún mọ́ra, kí ẹ gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì gbàgà. Nínú Audacity, ẹ ó rí gbàgà ìka yín, ẹ ó rí ìbọn, ẹ ó sì ka àlàfo àárín wọn. Bí kò bá tó mìlísẹ́kọ́ǹdì 20, ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀.

Ohun tó kù á wá jẹ́ ti ènìyàn. Láti ìgbà tí ojú bá rí nǹkan sí ìgbà tí ìka bá tẹ̀, ó máa ń gbà tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá, bó ti wù kí ọwọ́ yín yá tó. Ẹ bá olùdarí eré sọ̀rọ̀: kí ẹni tó di ìbọn mú nà án, kí ó dúró, kí ẹni tí wọ́n yìnbọn fún má sì ṣubú àfi bí ó bá gbọ́ ìró.