Ṣé kòtò tí wọ́n ti wa iyanrìn lè di ibi ìṣeré ọmọdé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹnjiníà. Ọ̀bà-Ilé, nítòsí Àkúrẹ́, ni ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi mi wà. Onítípà kan fẹ́ wa iyanrìn lẹ́yìn ọgbà wa, ó ní kí n fi kòtò tó bá kù ṣe ibi tí àwọn ọmọ yóò ti máa fi iyanrìn ṣeré. Ṣé ó bójú mu? Ṣé iyanrìn tó kù nígbà tí a mọ búlọ́ọ̀kù sì lè ṣe é?

ÌDÁHÙN: Mo rọ̀ yín, ẹ má gbà fún onítípà náà. Ẹ̀gbẹ́ irú kòtò bẹ́ẹ̀ máa ń dúró ṣánṣán bí ògiri, bí òjò bá sì rin ín, tàbí bí oòrùn bá gbẹ ẹ́ tán, ó lè ya lulẹ̀ lójijì. Iyanrìn gbígbẹ tó kún àpótí tó jẹ́ mítà 1 ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga wúwo tó nǹkan bíi kílò 1,600, nítorí náà díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti sé èémí mọ́ ọmọdé nínú. Nígbà òjò, omi yóò dá síbẹ̀, ọmọ sì lè rì sínú rẹ̀. Òfin ìwakùsà ọdún 2007 pàápàá ka iyanrìn mọ́ ohun àlùmọ́nì. Ẹni tó bá fẹ́ wà á tà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ onítípà kì í mẹ́nu kan apá yìí.

Ibi ìṣeré kò nílò kí ó jìn. Ẹ jẹ́ kí ó fẹ̀ ní mítà 3 sí 3, kí iyanrìn inú rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 30. Típà tọ́ọ̀nù 5 kan yóò tó o. Ẹ má ṣe da kọnkéré sí ìsàlẹ̀, nítorí omi kò ní rí ibi gbà lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ ni kí ẹ tẹ́, kí ẹ fi aṣọ tí omi lè gbà kọjá bò ó.

Iyanrìn búlọ́ọ̀kù mú jù fún awọ ọmọdé, ìṣó àti àfọ́kù ìgò sì lè wà nínú rẹ̀. Iyanrìn rírọ̀ ni kí ẹ rà, kí ẹ jọ̀ ọ́, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè odò tí ó ti kó o: Odò Àlà gba ìgboro Àkúrẹ́ kọjá, ìdọ̀tí ìlú sì ń bá a lọ. Ní ti eruku òkúta, ẹ má tilẹ̀ dá a láṣà, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni ìdérí. Ológbò àti ajá máa ń yàgbẹ́ sínú iyanrìn, aràn kan sì wà nínú ìgbẹ́ wọn tó ń gba awọ àtẹ́lẹsẹ̀ wọ ara. Ẹ máa bò ó ní ìrọ̀lẹ́, kí olùkọ́ sì fi réèkì tú u wò láàárọ̀.

Iyanrìn búlọ́ọ̀kù yín kò ṣòfò: ẹ fi mọ etí ibi ìṣeré náà yípo, kí ó ga ju ilẹ̀ lọ díẹ̀, kí àgbàrá má baà wọ inú rẹ̀.