Èsì: Kíbọọ̀dù ni àbí máòsì ni kí n náwó lé?

Ẹ kú ìbéèrè o. Máòsì ni kí ẹ náwó lé, bó bá jẹ́ géèmù oníbọn lẹ ń gbá jù. Bó bá jẹ́ ìwé lẹ ń tẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kíbọọ̀dù ni.

Bọ́tìnì òsì ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára máòsì: ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á dáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Irin inú rẹ̀ ló ti jẹ. Èyí tí bọ́tìnì rẹ̀ ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́, bíi Razer Viper, kì í sábà ní àrùn yẹn.

Ní ti kíbọọ̀dù, ẹ má jẹ́ kí iná aláràbarà tàn yín jẹ. Ẹ fọwọ́ tẹ àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Bó bá tẹ̀ kọrọdọ, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ mú èyí tí ẹ lè fa switch rẹ̀ (ẹ̀rọ kékeré tó wà lábẹ́ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan) yọ kí ẹ fi òmíràn sí i láìfi irin gbígbóná jó o mọ́ ibẹ̀.