Ẹ Má Nà Án Nítorí Oorun

Ẹ kú làálàá ọmọ, ìyá wa. Ẹ ní láti ìgbà tí ilé ìwé ti wọlé ní September yìí, ọmọkùnrin yín ọlọ́dún 7 kì í fẹ́ jí, pé ẹkún ló fi ń wẹ̀, pé tíṣà rẹ̀ ní ó ń sùn ní kíláàsì. Bàbá rẹ̀ sì ní ọ̀lẹ ni, ẹgba ni oògùn rẹ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà án. Mo ti na tèmi rí lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Agric níbí ní Ìkòròdú là ń gbé. Lọ́dún 2019, CMS, ní Erékùṣù Èkó lọ́hùn-ún, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kí aago 8 tó lù la sì gbọ́dọ̀ ti buwọ́ lùwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Mile 12 kọjá mọ̀ ọ́n: tí aago 5 bá lù tí ẹ ò tíì wà lórí ìlà bọ́ọ̀sì BRT, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ló máa jẹ ìyókù àárọ̀ yín. Nítorí èyí, aago 4:15 ni mo ń jí àkọ́bí mi, ọlọ́dún 7 lòun náà nígbà yẹn, kí n lè wẹ̀ fún un kí n sì wọṣọ fún un kí n tó jáde. Á wá jókòó sórí àga ní pálọ̀ pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn, á máa tòògbé títí aago 7 tí bàbá rẹ̀ á fi mú un lọ. Ẹ ò rí i pé bàbá rẹ̀ wà nílé? Mi ò kàn gbà pé ọkùnrin lè wẹ ọmọ kó mọ́ ni.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò àárín táàmù, ó fìdí rẹmi. Mo pè é ní olódo, mo sì fi bẹ́líìtì nà án. Bó ti ń sunkún ló ń sọ pé, “Mọ́mì, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ sùn, ojú mi ló ń pa dé fúnra ẹ̀.” Mi ò gbọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ibà mú un, a gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló bi mí pé aago mélòó ló ń sùn, aago mélòó la sì ń jí i. Mo ṣírò rẹ̀ lójú nọ́ọ̀sì náà: 10:30 alẹ́ sí 4:15 ìdájí. Kò pé wákàtí 6. Ó ní ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́. Mi ò rí èsì kankan fọ̀. Èmi tí mò ń gba oorun lójú ọmọ ni mo tún ń nà án pé ó ń sùn.

Láti họlidé ni wàhálà yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. July àti August, àwọn ọmọ á máa dúró de iná, wọ́n á wo kàtúùnù títí aago 11, a ò sì ní bá wọn wí torí kò sí ìwé lọ́la. Ara tó ti mọ́ ọn lára láti sùn ní aago 11 kò lè torí pé ilé ìwé wọlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè kó sùn ní aago 8 lálẹ́ Sọ́ńdè. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Kánádà ní lọ́dọ̀ tàwọn, bí ewé bá ti ń wọ́ ni ilẹ̀ ń tètè ṣú, òkùnkùn sì ń bá òbí lé ọmọ wọlé sùn. Níbí, láàárín 6:30 sí 7 kọjá díẹ̀ ni ilẹ̀ ń ṣú yípo ọdún. Àwa fúnra wa la máa ṣe òkùnkùn yẹn fún wọn.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo fi àárọ̀ lé bàbá wọn lọ́wọ́. A jà sí i, ó tó ọ̀sẹ̀ méjì ká tó yanjú ẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà. Alẹ́ ni ọmọ ń wẹ̀, ojú àti ẹnu nìkan ló ń fọ̀ láàárọ̀, aago 6 ló sì ń jí. Oúnjẹ alẹ́ kì í kọjá 6:30. Mo ń fi ìṣẹ́jú 15 fa àkókò oorun sẹ́yìn ní ọjọ́ méjì-méjì títí ó fi dé 8:30. Fóònù àti tẹlifíṣọ̀n á ti kú ní wákàtí kan ṣáájú. Èyí tó le jù ni iná: ní àdúgbò wa, aago 9 alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń mú un dé, gbogbo ilé á hó yè, tọmọdé tàgbà á jí. Mo bá máa ń pa súìṣì yàrá àwọn ọmọ, mo sì ra áyọ́ọ̀nù eléèédú, kí n lè lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan tán lọ́sàn-án Sọ́ńdè, kí n má tún máa dúró de iná.

Ẹ tún rántí pé òjò àrọ̀kúrò la wà nínú rẹ̀ yìí. Aṣọ kì í gbẹ, ẹ̀fọn sì pọ̀. Ẹ má sá yúnífọ́ọ̀mù tútù sínú yàrá tí ọmọ ń sùn. Ọ̀rinrin yẹn ló ń hu èébu sára ògiri, tí ikọ́ ń tẹ̀ lé e. Mo ń fọ ọ̀kan ní Wẹ́sìdeè, mo ń fi táwẹ́ẹ̀lì ká a, mo ń fún omi rẹ̀ jáde, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ń sá a sí. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sì ṣe pàtàkì, torí ọmọ tí ẹ̀fọn ń jẹ kò lè sùn wọra.

Tó bá ń hanrun gidigidi tó sì ń la ẹnu mí lójú oorun, tàbí tí oorun rẹ̀ bá pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣì ń tòògbé ní kíláàsì, ẹ gbé e lọ rí dókítà. Ti ọmọ mi ò gbà tó bẹ́ẹ̀. Kí ọyẹ́ tó dé lọ́dún yẹn, tíṣà rẹ̀ ti ń bi mí pé kí ni mo lò fún un.

Láti alẹ́ òní, ẹ kọ aago tó sùn àti aago tó jí sílẹ̀ fún ọjọ́ 7, kí ẹ gbé ìwé náà fún bàbá rẹ̀ kó kà á fúnra rẹ̀. Mo máa padà wá wo ohun tí ẹ bá kọ.