Èsì: Egbò lára èèpo igi chestnut Amẹ́ríkà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì gé chestnut ẹ̀yìnkùlé yín ní Pennsylvania tí ẹ ní egbò bo èèpo rẹ̀. Ẹrẹ̀ ni kí ẹ fi dì í, bí egbò náà kò bá tíì yí igi po. Bó bá ti yí i po, òkè rẹ̀ máa kú dandan. Ẹ gé e nílẹ̀ kí èéhù tuntun lè yọ nídìí.

1. Ẹ bu erùpẹ̀ ìdí igi yẹn gan-an, ẹ fi omi pò ó bí amọ̀ ìkòkò.
2. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ egbò, kó nípọn tó sẹ̀ntímítà 3 sí 5, kó sì kọjá etí egbò dáadáa lókè àti nísàlẹ̀.
3. Ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ fi téèpù dì í pinpin, ó kéré tán oṣù 2 nígbà ooru.

Bí ọ̀rá bá ṣí, ẹrẹ̀ á gbẹ, á sán, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ló ń bá fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń fa egbò yìí jà. Òun ló jẹ́ kí gbòǹgbò ṣì máa hù, láti 1904 tí wọ́n ti rí àrùn yìí ní New York.

Ẹrẹ̀ kò ní kí egbò mìíràn má yọ lókè o. Ẹ̀ ń fi ra àkókò ni, kí igi lè so. Ẹ gbin ìkejì sítòsí, torí chestnut kì í sábà so bó bá dá wà.