Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì Mercedes W123 200 mi ti ọdún 1978. Ṣé ó ṣì gbọ́dọ̀ ṣe MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin ní kí mọ́tò ṣe, ní Ìlú Ọba?

Irú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé sí i ló máa sọ. Láti ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, MOT kì í ṣe dandan mọ́ fún mọ́tò tó ti pé ọdún 40, bí wọn ò bá ti yí i padà gidi láàárín ọdún 30 sẹ́yìn.

Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 6 ti Mercedes 250 ni, kò séwu: Mercedes fúnra wọn gbé e sínú W123. Tó bá jẹ́ ti Toyota, ìyípadà gidi nìyẹn, MOT di ọdọọdún. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tuntun tó DVLA, àjọ tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, létí. Bí wọn ò bá yí i padà gidi, fọ́ọ̀mù V112 lẹ máa fi jẹ́rìí sí i pé mọ́tò náà yẹ fún ìdásílẹ̀ lọ́wọ́ MOT.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣì máa gbé e fún àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá ká mọ́tò eléwu mọ́ yín lọ́wọ́ lójú títì, owó ìtanràn lè tó £2,500. Abẹ́ ilẹ̀kùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, níbi tí bẹ́líìtì ìjókòó ti so mọ́ ara mọ́tò. Ẹ fi òòlù kékeré kàn án pẹ́pẹ́: irin tó le á dún gbọnrangandan, èyí tó ti dípẹtà á rọ̀ bíi páálí. Ìpẹtà tó bá ti jẹ irin wọnú láàárín sẹ̀ǹtímítà 30 sí ibẹ̀, MOT kò ní gbà á.